Ariwo Omi Ẹ̀rìn

Ẹtì, 25 oṣù keje

A ti ilé-ẹ̀kọ́ lónìí. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ títí a fi pín èsì ìdánwò tán. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ń ṣe àtúnyẹ̀wò ìdánwò jọ́gíráfì fún SS1, mo ya omi tó ń já láti orí àpáta sójú pátákó bí mo ṣe ń yà á láti ọdún mẹ́rìndínlógún: àpáta líle lókè, àpáta rírọ̀ nísàlẹ̀, kòtò níbi tí omi ń já sí. Hadassah nawọ́. Ó ní, "Má, ṣé ẹ ti rí i rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ó máa ń pariwo?" Mo ní kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, pé bí omi ẹ̀rọ ló máa ń dún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yìí wojú mi, ó ní, "Ó máa ń pariwo gan-an, Má. Mọ́mì mi mú mi lọ sí Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà. Èèyàn ò ní gbọ́ ohùn ara ẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jáde wá kúnlẹ̀ nítorí pé ó ń bá olùkọ́ jiyàn. Ó kúnlẹ̀ títí aago fi lù.

N kò rí omi àpáta kankan rí. Súrùlérè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Omi tó ti ibi gíga já lójú mi kò ju ti táǹkì orí òrùlé wa lọ, lọ́jọ́ tí páìpù rẹ̀ bẹ́.

Lónìí ni Mobọ́lá, ìyá Hadassah, mú un wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Má, ẹ bá mi dárí jì í. Ẹnu ẹ̀ ló mú jù." Ọmọ náà tún kúnlẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ń wò wá. Mo ní, "Ó ti tán," mo fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí ẹni rere.

Mo máa lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti Ṣìmí, ọ̀rẹ́ mi, ti ń sọ ọ́ pé a máa gun alùpùpù mi lọ wo omi Ẹ̀rìn, ká lọ wo omi Àrìnta ní Ìpólé, ká sì kọjá sí ti Ọ̀wù ní ìhà Kwara. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé ní 15 oṣù kẹsàn-án, mo gbọ́dọ̀ ti rí i. Tí mo bá ti rí i, irọ́ mi ti di òótọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ọjọ́ tí mo rí i.

Ajé, 28 oṣù keje

Mo gbé alùpùpù mi lọ fún Abdulfatai, mẹkáníìkì mi ní Mushin. Kó pààrọ̀ ṣéènì, kó tún bíréèkì ẹ̀yìn ṣe, kó sì yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò nítorí àwọn òkè tó wà lọ́nà. Òun ló ń tún un ṣe láti ìgbà tí mo ti rà á, òun náà ló ń tún jẹnẹrétọ̀ bàbá mi ṣe ní Ìlúpéjú. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan. "Àǹtí Tíṣà, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ṣebí ẹ mọ̀ mí."

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹjọ

Wọ́n ti fún Ṣìmí ní ìsinmi ní ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, 18 sí 22. A tẹ́ máàpù sórí tábìlì rẹ̀. Máàpù orí fóònù sọ wákàtí tí a máa lò láti Èkó dé Iléṣà. Ẹni tó ṣe máàpù yẹn kò tíì gba ọ̀nà Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé rí. Ọjọ́ kìíní, ká dé Iléṣà ká sùn. Ọjọ́ kejì, Ẹ̀rìn. Ọjọ́ kẹta, Ìpólé. Ọjọ́ kẹrin, Ọ̀wù. Ọjọ́ karùn-ún, ilé.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá Ṣìmí la máa sùn sí ní Iléṣà. Ṣìmí pè é lójú mi, ó ní alùpùpù la máa gùn wá. Ìyá náà ké háà. Ó ní, "Ta ló kú?" Ṣìmí ní kò sẹ́ni tó kú, a kàn fẹ́ wá wo omi ni. Ó ní, "Ṣé kò sí omi l'Ékòó ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. A ti ra ẹ̀wù òjò méjì àti ọ̀rá tí a máa fi di ẹrù. Iye tí wọ́n ń ta epo ti tún gbéra o, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìyẹn bà mí nínú jẹ́ lónìí.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹjọ

Òjò ti sọ gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù Abdulfatai di ẹrẹ̀ dúdú. Mo bá alùpùpù mi lórí búlọ́ọ̀kù. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ṣéènì. Bíréèkì wà bó ṣe wà. Ibi tó yẹ kí kábúrétọ̀ tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnì wà, àkísà ni wọ́n fi dí i.

"Abdulfatai, kábúrétọ̀ mi dà?"

"Wọ́n ń fọ̀ ọ́, Àǹtí."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń bá wa fọ̀ ọ́."

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Mo ní kí n kúkú bá yín fọ̀ ọ́ ni. Nítorí òkè."

Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹjọ

Wọ́n ṣì ń fọ̀ ọ́. Ṣé àgbàdo ògì ni?

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹjọ

Mo tún lọ sí Mushin lónìí.

Obìnrin tó ń ta epo ẹ́ńjìnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ló tú àṣírí fún mi, kò sì mọ̀ pé àṣírí ni. Ó ní, "Àǹtí, Alhaji yẹn ò tíì dé láti Ìlọrin tó fi máa dá nǹkan yín padà?" Mo ní Alhaji wo? Mo bi í títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Abdulfatai yọ kábúrétọ̀ mi fi sí alùpùpù kọ́sítómà rẹ̀ kan tí ó ń kánjú. Ìyẹn gùn ún lọ sí Ìlọrin. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò, ó ti di ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: wọ́n á yọ ti Táíwò fi sí ti Kẹ́hìndé, wọ́n á yọ ti Ìdòwú fi dí ti Táíwò. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí àkísà máa wà nídìí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Wọ́n rò pé olùkọ́ ni mí, mo wà ní ìsinmi, kí ni mo fẹ́ fi alùpùpù ṣe.

Abdulfatai ti gba ẹ̀yìn jáde kí n tó yíjú padà. Mo dúró láàárín ẹrẹ̀, mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Mo ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a!" Mo sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohùn mi ti há.

Àìkú, 17 oṣù kẹjọ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò tíì tú gèlè, nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá Morákinyọ̀ ni, ẹni tó kọ́ Abdulfatai níṣẹ́. Àgbàlagbà, ó wọ agbádá, ó bọ́ fìlà kó tó wọlé. Mo gbé omi fún un. Ó mu díẹ̀. Ó ní inú bíbí ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà, ọmọdé ló ń ṣe Abdulfatai. Ọmọdé! Ọmọ mẹ́ta ló ti bí.

Mo ní, "Bàbá, mo gbọ́. Kábúrétọ̀ mi dà?"

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá. Mi ò bá ti kábúrétọ̀ wá."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó lè bí mi jókòó sórí àga mi, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Mo padà wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ajé, 18 oṣù kẹjọ

Òní ló yẹ ká gbéra. Òjò ò rọ̀ rárá. Oòrùn ràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣìmí ti bẹ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ti sún ìsinmi rẹ̀ sí 8 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní wọn ò ní sún un mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kẹ́yìn fún èmi.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹjọ

Ìyá Abdulfatai ni tòní. Ó ti Ọ̀tọ̀ wá, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, ìyá ti ń tẹ orúnkún wálẹ̀. Mo sáré gbá a mú. Mo ní, "Háà, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó ní òun á kúnlẹ̀, pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Mo ní mo ti gbọ́, mo ti gbọ́, ẹ dìde.

Àwọn aládùúgbò gbọ́. Nígbà tí mo sìn ín jáde, ìyá tó wà ní ilé kejì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ fi ọwọ́ wọ́nú o."

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Èmi ni òṣìkà báyìí. Ẹni tó yọ nǹkan mi lẹ́yìn mi ni wọ́n ń ṣàánú, èmi tí alùpùpù mi wà lórí búlọ́ọ̀kù ni mo burú. Abdulfatai fúnra rẹ̀ kò tíì pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì gbé fóònù rẹ̀.

Àìkú, 24 oṣù kẹjọ

Bàbá mi pè mí wá sí Ìlúpéjú. Mo mọ̀ kí n tó débẹ̀.

Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, Bíbélì lórí itan. Ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rọ̀ Abdulfatai. Tìtorí tèmi."

"Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe?"

"Mi ò bi í. Mo gbọ́ pé wọ́n ti bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àgbà sì ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ tí kò gbà, òun lọ̀rọ̀ máa ń yí lé lórí."

"Ó ń rán àgbà sí mi kó lè ráàyè sá ni, sà."

"Abọ́sẹ̀dé."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó ti tán, sà." Irọ́ ni. Kò tán. Ó gbàdúrà fún mi. Ó wá béèrè pé kí ni mo tiẹ̀ ń wá lọ síbi omi. Mo ní nítorí iṣẹ́ ni. Mo ti parọ́ méjì lórí ìkúnlẹ̀ kan, lọ́jọ́ Olúwa.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹjọ

Mo rin gbogbo ọjà Ládípọ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́rin, mò ń wá kábúrétọ̀ tó bá alùpùpù mi mu. Èyí tí mo rí, ti ọ̀kadà kékeré ni. Ẹnì kan ní òun máa bá mi fi ayùn gé e kó lè wọlé. Òjò pa mí délé. Ẹ̀wù òjò tuntun wà nínú ọ̀rá, a ti dì í mọ́ ẹrù ìrìnàjò.

Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Èmi àti Ṣìmí jà. Ó ní, "Jẹ́ ká kúkú wọ mọ́tò. Mọ́tò ń lọ sí Iléṣà lójoojúmọ́." Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé òun náà ni Abdulfatai rán sí mi ni. Ó wò mí, ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, ta lo tiẹ̀ ń bá jà gan-an?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Òótọ́ ló sọ. Tó bá jẹ́ omi nìkan ni mo fẹ́ rí, mọ́tò á gbé mi débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé gbogbo ìbínú mi lé kábúrétọ̀ yìí, n kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹsàn-án

Mo lọ sí Mushin láàárọ̀ kùtù kí ó má baà ráàyè sá. Mo bá a lórí àpótí, ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ rẹ̀ rí wúruwùru. Ó ti lọ sí Ìlọrin lánàá, ó wọ mọ́tò òru padà. Nǹkan kan wà lórí itan rẹ̀ tó fi ìwé ìròyìn wé. Kò wò mí lójú. Ó nà án sí mi.

N kò gbà á. Mo ní, "Ọ̀gá ẹ ti wá. Ìyá ẹ ti wá. O dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Gbogbo wọn ni mo dá lóhùn. Ìwọ ńkọ́?"

"Àǹtí, ojú ń tì mí ni."

"Ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn, ojú ò ti òun?"

Ó ní, "Tí mo bá wá fúnra mi, kí ni mo máa sọ?"

"Sọ ohun tó o ṣe. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tó o ṣe ni kó o fi ẹnu ara ẹ sọ."

Obìnrin elépo ẹ́ńjìnì ti yíjú sí wa. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń wò wá. Abdulfatai dìde dúró. Ó ní, "Mo yọ ọ́, Àǹtí. Ẹ ò ní kí n yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ti yín ni. Mo parọ́ pé wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ẹ má bínú."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti múra ìjà tó máa gbé mi dé ìrọ̀lẹ́, mo sì wá a tì. Mo ní, "Dè é mọ́ ọn." Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń yọ àkísà náà.

Ìgbà tí mo ń rìn lọ wọ mọ́tò ní Ojúẹlẹ́gbà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí. Abdulfatai jẹ̀bi, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Hadassah kò jẹ̀bi ohunkóhun, ẹ̀ẹ̀mejì ló kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní ó ti tán. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀!

Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹsàn-án

Alùpùpù ti padà sílé. Mo gùn ún láti Mushin, ó ń dún dáadáa, bíréèkì ń mú. Ṣìmí wá pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Mo ti gbàgbé." Kò gbàgbé, ṣùgbọ́n a jọ di ẹrù.

Láti ọjọ́rú ni mo ti ń ro ọ̀nà tí mo máa gbà. Mo lè pe Mobọ́lá lórí fóònù. Mo lè ra nǹkan bọ̀ láti Iléṣà fún ọmọ náà, kí n rọra fi sí i lọ́wọ́. Mo lè ní kí igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá mi bá wọn sọ ọ́. Bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé àgbà ni mò ń wá rán. Inú tún bí mi, lọ́tẹ̀ yìí kò sí Abdulfatai tí mo lè gbé e lé.

Ajé, 8 oṣù kẹsàn-án

Iléṣà. A dé pẹ̀lú òjò lára. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ṣìmí dúró lójú ọ̀nà láti aago mẹ́ta. Ó fọwọ́ kan àṣíborí mi, ó ní, "Ṣé ẹ sì rí i pé kò sẹ́ni tó kú." Ìdí ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀rìn. A fi alùpùpù sílẹ̀ nísàlẹ̀, a fẹsẹ̀ gun òkè. Mo ti ń gbọ́ ọ kí n tó rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló ń bọ̀ láàárín igbó.

N kò lè kọ bó ṣe rí. Ohun tí mo lè kọ ni pé kò jọ èyí tí mo ń yà. Ó ń já, ó ń fọ́n sí mi lójú, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi. Ṣìmí yíjú sí mi, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bí omi ẹ̀rọ! Ojú tì mí débi pé mo jókòó.

Mo ní kí n dán an wò. Mo kígbe tagbára-tagbára, "Hadassah, má bínú!" N kò gbọ́ ohùn ara mi. Ó rọrùn láti sọ ọ́ níbẹ̀.

Ajé, 15 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti di SS2. Méjìlélógójì ni wọ́n, wọ́n pé.

N kò ya nǹkan kan sójú pátákó. Mo pe Hadassah. Ó jáde, ó ti ń wo ibi tó máa kúnlẹ̀ sí. Mo ní kó dúró. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí o bi mí, n kò tíì rí i rí. Mo parọ́. Ìwọ lo sọ òótọ́, mo sì fìyà jẹ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síbẹ̀. Má bínú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ara wọn, wọn ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe tí olùkọ́ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ò mọ̀.

Hadassah wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Má."

Mo ní a dúpẹ́. Mo ní kó lọ jókòó. Kò lọ.

Ó ní, "Ṣé ó pariwo, Má?"

Mo ní ó pariwo.